Okùn, Kóńgò àti Òòfà

Ìrì ò tíì gbẹ lára koríko nígbà tí mo dé iwájú ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Aago méje àárọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń wọlé ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìpara ń dán lẹ́sẹ̀ wọn. Gbogbo wọn ló ń kí mi. Àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin ń ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì tún ń sáré lọ kí wọ́n má baà pẹ́ dé orí ìlà. Lábẹ́ igi kan, ọmọbìnrin méjì jókòó, wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣeré. Èyí tó ń ju òkúta sókè ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Bó ti dé orí àrún, ó kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Mo dúró wò ó pẹ́. Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn, bí mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnu géètì ni n ó ti bá a pàdé. Mo fẹ́ fi ọjọ́ kan rìn láti Modákẹ́kẹ́ wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí n sì gba ọjà padà, kí n fojú ara mi rí ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí ẹ̀kọ́, ìṣirò, ètò ọrọ̀ ajé àti físíìsì. Gbogbo rẹ̀ kò ju ibi tí ènìyàn lè rìn já láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́.

Ọgbà St. Stephen's yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nílẹ̀ Áfíríkà, ní ọdún 1970. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Bí nǹkan ṣe wà nígbà náà, Yorùbá ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́; bí ọmọ bá ti wọ ìwé kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe olùkọ́ rí mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Ọmọ tó ń nawọ́ sókè, tó ń jà kí wọ́n pe òun ní ìwé kẹta, yóò kàn dákẹ́ rọ́rọ́ ní ìwé kẹrin. Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ rí ìdí rẹ̀ ni pé: ṣé ọpọlọ ọmọ ló dá iṣẹ́ dúró ni, àbí ahọ́n tí a yá a lò ni kò bá a lẹ́nu mu?

Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń bá ìlànà àtijọ́ lọ. Àwọn yòókù, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn kò yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan tó dá dúró, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Àjọ Ford Foundation láti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì tàbí ti ìṣirò lédè Yorùbá tó lè gbé ọmọ dé ìwé kẹfà, nítorí náà wọ́n jókòó, wọ́n kọ wọ́n. Mo máa ń ro ìjókòó yẹn lọ́kàn mi: àwọn àgbàlagbà tó ti kàwé dé òkè òkun, tí wọ́n yí tábìlì ká, tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò fi sọ bí omi ṣe ń di ooru.

Èsì ìwádìí náà kò fi bẹ́ẹ̀ díjú. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ìyá kan ń dín àkàrà ní ìta ọgbà. Mo ra mẹ́rin, mo bi í bóyá ó gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ nígbà náà lọ́hùn-ún. Ó fi ṣíbí yí àkàrà padà kó tó dá mi lóhùn.

"Àwọn ọmọ wo? Wọ́n ti ń kó ọmọ-ọmọ jáde báyìí, ìyá."

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1970 ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Láti ìgbà náà, ìjọba ti kọ ọ́ sínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ní 1977 pé kí èdè abínibí ṣíwájú ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ ọdún mẹ́fà gbáko, gẹ́gẹ́ bí ti Modákẹ́kẹ́. Oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àyà mi já nígbà tí mo gbọ́ ọ. Àríyànjiyàn wà nínú ọ̀rọ̀ èdè, mo mọ̀. Orílẹ̀-èdè tó ní èdè rẹpẹtẹ kò lè ṣe é bí ẹni mu omi. Ohun tó dùn mí ni pé a ti gbé ìbéèrè yìí sórí òṣùwọ̀n rí, ní ilé wa, pẹ̀lú ọmọ wa, ẹni tó bá sì fẹ́ takò ó yẹ kó kọ́kọ́ ka ohun tí òṣùwọ̀n náà sọ.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé mi dé géètì yunifásítì. Ọ̀nà tó wọlé gùn. Òkè olókùúta wà lẹ́yìn ilé gbogbo, èyí tí òjò ti fọ̀ dúdú. Ìbàdàn ni yunifásítì náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ó kó wá síbí ní 1967, orúkọ Awólọ́wọ̀ sì wá sórí rẹ̀ ní 1987. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì, ló ṣètò bí àwọn ilé àkọ́kọ́ ṣe rí. Mo dúró níwájú ilé àwọn onímọ̀ èdè àti ìtàn, mo gbójú sókè. Ó rí bí òkìtì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé: àjà kejì gbòòrò ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ẹ̀kẹta tún gbòòrò jù ú. Òkè ń ṣíji bo ìsàlẹ̀. Aago mẹ́wàá ti lù, oòrùn ti ń múná, síbẹ̀ kò kan fèrèsé kankan. Wọ́n fi ilé náà ṣe agboòrùn fún ara rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ló ń mú mi kiri. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Bí a ṣe ń rìn lọ, mo sọ fún un nípa ọmọbìnrin tó ń ka òkúta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Ẹ ti ka ìwé Helen Verran nìyẹn, mà."

Mo ti kà á. Ará Ọsirélíà ni obìnrin yìí, ó sì wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní yunifásítì yìí ní àwọn ọdún 1980. Lọ́jọ́ kan ó lọ wo ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ bó ṣe ń kọ́ ọmọ ní wíwọn gígùn. Ìwé ìlànà ní kí ọmọ fi okùn wọn nǹkan, kí ó sì tẹ́ okùn náà sórí rúlà. Olùkọ́ yìí kò tẹ́ okùn sórí rúlà. Ó gé páálí pélébé pélébé, ó sàmì sí i lára, ó sì ní kí àwọn ọmọ máa ká okùn náà mọ́ ọn. Wọ́n á ka iye ìgbà tí ó yí páálí po, wọ́n á sì ka èyí tó ṣẹ́ kù lórí àmì. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa Verran. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ìṣirò náà bọ́ sí i, àti pé ó yé àwọn ọmọ. Ojú tí Verran fi ń wo gígùn ni pé ó tẹ́ lọ gbọọrọ bí ọ̀nà; olùkọ́ náà dì í ní ìdì, bí ẹni ń di iṣu. Ìyanu náà kò tán lójú Verran títí ó fi kọ odidi ìwé kan jáde ní ọdún 2001 lórí ohun tí nọ́ńbà jẹ́ lẹ́nu Yorùbá.

Ìdì ni nọ́ńbà wa lóòótọ́. Ẹ sọ márùndínláàádọ́ta, kí ẹ tú u wò. Ogún mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀, ìyẹn ọgọ́ta. Ẹ mú mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta. Ẹ tún mú márùn-ún kúrò. Ọmọ tó bá pè é ti sọ ogún di púpọ̀, ó sì ti yọ kúrò lẹ́ẹ̀mejì, kó tó pa ẹnu dé. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó ti gbé ní Ìjàyè, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1887. Ó ní ọwọ́ àwọn tó ń ka owó ẹyọ ni ẹ̀rí wà. Wọ́n á da àpò owó sílẹ̀, wọ́n á máa fà á ní àrún-àrún. Àrún mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ogójì ẹyọ ló wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá kún ọ̀kẹ́ kan. Nítorí èyí ni a ṣe ń pe ẹgbàáwàá ní ọ̀kẹ́: àpò ni ọ̀kẹ́, àpò tí owó kún.

Yàrá tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ kò tóbi. Tábìlì mẹ́ta, pátákó kan, ẹfun ìkọ̀wé ti ta sí gbogbo ilẹ̀. Ó kọ ìlà kan sí ojú pátákó, ó gùn, àmì kéékèèké sì wà lórí àwọn lẹ́tà rẹ̀. Mo sọ fún un pé kò yé mi. Kò yà á lẹ́nu.

"Ẹ gun jáńgílófà rí ní kékeré, mà?"

Mo ní mo gùn ún, mo sì já bọ́ nínú rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí wọ́n bá tì yín, ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀. Ohun tí a ń wá ni pé, bí wọ́n bá fi yín sílẹ̀, ṣé jáńgílófà náà á rọlẹ̀, àbí á máa fò sókè sí i títí okùn á fi já? Ìlà yìí ló ń sọ bó ṣe ń lọ. Bí ó bá kàn rí bí jáńgílófà, ó rọrùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn nǹkan mìíràn bá wà nínú rẹ̀ tí ń yára, tí ìyára wọn náà ń yí padà, kò sí ẹni tó lè tú u tán."

Wọ́n ń pè é ní differential equation, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ti fi orúkọ lélẹ̀ nínú rẹ̀. James Ezeilo gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ní 1959 lábẹ́ Mary Cartwright, ó padà wá kọ́ni ní Ìbàdàn, kó tó lọ sí Nsukka. Òun àti H. O. Tejumola, ẹni tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀, jọ kọ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí irú ìlà tí mo rí lójú pátákó yẹn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò, Lyapunov ará Rọ́ṣíà ló gbé e kalẹ̀ ní 1892: má wulẹ̀ tú ìlà náà. Wá ohun kan nínú rẹ̀ tí kò lè ṣe ju kó máa dín kù lọ. Ẹni tó bá rí i pé ìkòkò omi ń jò, tí ẹnikẹ́ni kò sì bu omi sí i, kò nílò láti ka ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kó tó mọ̀ pé ìkòkò náà ń bọ̀ wá gbẹ. Wíwá ìkòkò yẹn ni iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun ti ń wá tòun fún ọdún kan àbọ̀. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ó sú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹran náà wà nínú igbó tó wà níwájú òun.

Orúkọ Hezekiah Oluwasanmi ló wà lára ilé ìkàwé. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ ni, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, òun ló sì jẹ́ gíwá láti 1966 títí di 1975, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí mo ń rí yìí. Ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, Ojetunji Aboyade, ọmọ Awẹ́, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni òun náà. Cyril Onwumechili tó jẹ́ gíwá láti 1979 sí 1982, onímọ̀ físíìsì ni.

Ìwé tí mo wá gbà síta nípọn bí búrẹ́dì. Galletti, Baldwin àti Dina ló kọ ọ́, ọdún 1956 ló jáde, ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó Yorùbá ló sì kún inú rẹ̀. Dina yìí ni Isaac Dina, tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe alága ìgbìmọ̀ lórí pípín owó ìjọba ní 1968. Ní 1951 sí 1952, àwọn olùwádìí bá àwọn ìdílé àgbẹ̀ wọ abúlé, wọ́n ń ṣírò ohun tó wọlé àti ohun tó jáde: oko, oúnjẹ, gbèsè, ìnáwó. Mo ṣí ojú ewé kan tí tábìlì kún. Àádọ́rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá, síbẹ̀ mo rí bàbá àgbà mi nínú àwọn nọ́ńbà yẹn kedere, ẹni tó fi kòkó kọ́ ilé alájà kan, tí ó fi kòkó fẹ́ ìyàwó, tí ó sì fi kòkó jẹ gbèsè.

Ní 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó kòkó sì wà lára ohun tó gbé e ró. Ẹsẹ̀ igi wọ̀nyẹn ni ìwé ti wá. Kòkó náà sì ní jáńgílófà tirẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá lọ sókè, gbogbo ènìyàn á gbìn ín. Ṣùgbọ́n igi kòkó kì í so kí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tó pé. Nígbà tí igi gbogbo bá so papọ̀, ọjà á kún, owó á wálẹ̀, àgbẹ̀ á pa oko tì, lẹ́yìn ọdún mélòó kan kòkó á tún wọ́n. Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé; nígbà tí ọdún 2025 ń parí lọ, ó ti já wálẹ̀ gan-an. Mo fi èyí han ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó mú bíírò, ó kọ ìlà kan sí ẹ̀yìn ìwé pélébé. Ó gùn díẹ̀ ju ti ojú pátákó lọ, nítorí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí igi fi ń dàgbà gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo béèrè ìwé tí Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi jábọ̀ iṣẹ́ Modákẹ́kẹ́, èyí tó jáde ní 1989. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀: àwọn tí wọ́n fẹ́ yí lọ́kàn padà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà. Síbẹ̀ mo gbé ọwọ́ lé ìwé náà, mo ń ronú nípa ìyá alákàrà. Ẹ̀rí tó fi hàn pé èdè rẹ̀ tó kọ́ ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé ìkàwé tí kò jìnnà sí iwájú àdògán rẹ̀, kò sì lè kà á.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, a gba ibi àwọn onímọ̀ físíìsì lọ. Ohun tí Onwumechili fi ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ wádìí kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n ó ṣeé sọ lẹ́bàá ojú ọ̀nà. Ẹ fi òwú so abẹ́rẹ́ òòfà kọ́ ní agbedeméjì rẹ̀. Bí ẹ bá wà ní ilẹ̀ òyìnbó, ẹnu rẹ̀ á tẹ̀ sí ilẹ̀. Bí ẹ ṣe ń bọ̀ wá sí gúúsù, á máa gbórí sókè díẹ̀díẹ̀, títí ẹ ó fi dé ibi kan tí á dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ìlà tí àwọn ibi bẹ́ẹ̀ tò sí yí ayé po, kì í ṣe ìlà agbedeméjì ayé tó wà nínú máàpù, ó sì gba apá òkè Nàìjíríà kọjá. Lókè ìlà yìí, ní bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí òfuurufú, iná mànàmáná kan ń ṣàn ní ojúmọmọ, ó ń lágbára bí oòrùn ṣe ń lọ sí àtàrí, á sì rọ bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Sydney Chapman sọ ọ́ ní electrojet ní 1951. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ ojú sánmà jọ nígbà ọdún ìwádìí àgbáyé ti 1957 sí 1958. Onwumechili wà láàárín wọn, ó ń wọn bí agbára òòfà ilẹ̀ ṣe ń yí padà, ó ń fi ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe nílẹ̀ ṣírò bí odò tó wà lókè ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe jìn tó. Ní 1997 ló kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan. Ohun tó dára nínú iṣẹ́ yìí lójú mi ni pé ibi tí a bí wa sí gan-an ni ó mú un ṣeé ṣe. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó wọn ọ́n.

Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí lórí agbára tó wà nínú yunifásítì náà, ẹ̀rọ kan wà tí agbára rẹ̀ tó 1.7 mílíọ̀nù fóltì. Ọ̀pá irin gígùn ni, ó sùn gbalaja bí ọkọ̀ agbépo tí wọ́n yọ táyà rẹ̀. Ó ń ti àwọn èérún inú átọ́ọ̀mù sáré títí wọ́n á fi kọlu ohun tí a bá gbé síwájú wọn, ìbáà jẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ìbáà jẹ́ eruku inú afẹ́fẹ́. Ohun tí wọ́n kọlù á fọhùn, bí a bá lè pe ìtànṣán ní ohùn. Irin ní ohùn tirẹ̀, òjé ní tirẹ̀, kálísíọ̀mù ní tirẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀, bí abiyamọ ṣe ń mọ igbe ọmọ tirẹ̀ láàárín ogún ọmọ tó ń ké.

Irú ìbéèrè báyìí ni wọ́n ti bi àwọn ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun náà, ní yàrá ìwádìí mìíràn. Igbó Olókun wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Leo Frobenius ará Jámánì dé ibẹ̀ ní 1910. Ní ọ̀rúndún tiwa, Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ díńgí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ díńgí, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ohun tó wà nínú wọn wò, wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù tó wà níbẹ̀ pọ̀ lọ́nà tí kò bá díńgí Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Kì í ṣe pé a ra díńgí òkèèrè ká wá máa yọ́ ọ nìkan. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ṣe é láti inú yanrìn. Irú díńgí kan náà ni wọ́n ti rí ní Gao lórí odò Ọya, àti ní Kumbi Saleh ní Mòrìténíà. Ìlẹ̀kẹ̀ wa ti ń dé etí aginjù kí òyìnbó kankan tó fi ọkọ̀ ojú omi kan etí òkun wa. Iye kálísíọ̀mù inú ìlẹ̀kẹ̀ kan ló sọ bẹ́ẹ̀; àwọn onímọ̀ ìtàn ọrọ̀ ajé ni wọ́n wá ń túmọ̀ rẹ̀.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo wọ ọjà. Ìyá ẹlẹ́wà kan pè mí. Mo fẹ́ kóńgò kan. Ó bù ú, ó fi ọwọ́ gbá a jọ títí ó fi yọ orí bí òkìtì, ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e nígbà tó ti wọ inú ọ̀rá tán. Ènì nìyẹn. Mo rántí ohun tó máa ń ṣòro fún àwọn tó ń kọ iye owó ọjà sílẹ̀: owó kóńgò kan lè wà lójú kan fún oṣù mẹ́fà, kí òkìtì orí rẹ̀ sì máa dínkù, kí ènì sì pòórá, kí ẹnì kan sì ti fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú. Ìwé ìjọba á ní owó kò yí padà. Ikùn àwọn ará ilé á ní irọ́ ni. Jane Guyer, tó kọ́kọ́ ṣèwádìí láàárín àwọn àgbẹ̀ Ìdèrè ní 1968 tí ó sì tún padà síbẹ̀ ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, fi ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ wo irú nǹkan wọ̀nyí gan-an, bí àwa ṣe ń dúnàádúrà lórí ìwọ̀n àti owó lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun fún ìyá ẹlẹ́wà. Ó dáwọ́ dúró.

"Níbí? Àwa la ṣe é?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é, mà. Wọ́n rí i ní Gao."

Ó pe obìnrin tó ń ta obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìyá Ṣadé, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ." Ó tún un sọ fún un, ó sì sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yìí, ta lẹ ti ń sọ ọ́ fún?"

Mi ò rí èsì tó tó fún un. Mo ní n ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ lédè tí òun gbọ́.

Ìyá Ṣadé ń ka igba obì fún oníbàárà kan tó dúró lé e lórí. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé mi ò lè fojú bá a lọ: ó ń fà á ní àrún-àrún, ó ń ya ogún-ogún sọ́tọ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́. Ó ti ka ogún méje nígbà tí oníbàárà náà ní ọ̀kan kò pé nínú èyí tó kẹ́yìn. Kò bá a jiyàn. Ó da gbogbo rẹ̀ padà sínú àtẹ, ó nu ọwọ́ lára ìró rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.